Ọdún Tí Ìyá Mi Rù

Ọmọbìnrin mi tó bímọ láìpẹ́ yìí ní Ìkàrẹ́ ra ìwọ̀n kan, irú èyí tí ènìyàn ń gun orí rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bó bá ti jí, kó tó kí mi, yóò ti gùn ún, yóò tẹ orí wo ìsàlẹ̀, yóò sì pariwo pé, "Mọ́mì, ó ti ń lọ o!" Ara tó fi lóyún ló ń lọ. Yóò dúró síwájú dígí, yóò fi fóònù ya ikùn ara rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àwọn náà ń ya tiwọn. Èmi á jókòó sórí àga, ọmọ-ọmọ mi lọ́wọ́ mi, màá máa rẹ́rìn-ín. N kì í bá a jiyàn. Ayé ló yí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ "ó ti ń lọ" yẹn, ọkàn mi a fò padà sí agbo ilé wa ní Ọ̀kà, sí ọdún kan tí ara ìyá mi náà ń lọ, tí gbogbo ilé sì ń wò ó bí ẹni ń wo òrùlé tó fẹ́ jò.

Ilé wa wà lábẹ́ òkè. Àpáta ńlá kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn kì í fi í sọnù lágbo ilé náà. Bí ẹnìkan bá sín níta, àpáta á dá a lóhùn. Ìgbálẹ̀ ló ń jí wa: ṣáà, ṣáà, ṣáà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni korobá á kan etí àmù, lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá mi á fi ohùn oorun bẹ̀rẹ̀ orin àdúrà òwúrọ̀. Bó bá di ọ̀sán, odó ló kù. Ní Ọ̀kà tiwa, ènìyàn kì í béèrè ohun tí ilé kan fẹ́ jẹ lọ́sàn-án. Odó ti sọ ọ́. Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, lè jókòó sẹ́yìn ilé kó máa fi etí mọ ẹni tó ń gúnyán nílé kẹta, kó sì máa bú u: "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń gún un. Iyán yẹn á ní kókó. Ọkọ rẹ̀ á jẹ ẹ́, á máa ṣẹ́jú." Obìnrin sìgbọ̀nlẹ̀ ni Yèyé. Bó bá jókòó sórí àpótí ìdáná, n kì í rí àpótí náà mọ́. Bó bá gbé mi mọ́ra, n kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé, ìmí rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́.

Ọdún yẹn ni ìyá mi bí àbúrò mi, Ayọ̀délé. Nínú àṣà wa, ìyá ìyàwó ló yẹ kó wá wẹ ọmọ, kó wá fi omi gbígbóná tẹ ikùn ọmọ rẹ̀, kó sì jókòó tì í títí ara á fi le. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń da bàbá ìyá mi láàmú ní Ìkàrẹ́, kò lè dìde àfi bí wọ́n bá gbé e. Nítorí náà, Ìyá Ìkàrẹ́, bí a ti ń pe ìyá tó bí ìyá mi nìyẹn, wá síbi ìsọmọlórúkọ, ó sì ní láti padà. Kó tó wọ mọ́tò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi mú. Ìyá mi sanra nígbà náà, ojú rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ìyá Ìkàrẹ́ yí sí Yèyé.

"Ìyá Tíṣà," ló wí, nítorí pé tíṣà ni bàbá mi, "ẹ wò ó dáadáa o. Bó ṣe rí yìí ni mo fi lé yín lọ́wọ́."

"Ìyá Ìyàwó," ni Yèyé fèsì, "bẹ́ ẹ bá padà dé, ẹnu ọ̀nà ni yóò há sí."

Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwàdà ni lójú wọn. Lójú Yèyé, ẹ̀jẹ́ ni.

Láti ọjọ́ náà ló ti wọ iṣẹ́. Kí ìgbálẹ̀ tó dún, Yèyé ti gbé ìkòkò omi kaná, ewé ti ń hó nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yóò ti aṣọ ìnura bọ inú omi náà, yóò fún un, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn ìyá mi. Ìyá mi á ké: "Yèyé, ó gbóná o!" Yèyé á ní, "Kó gbóná. Tútù ló ń ba abiyamọ jẹ́." Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀já: yóò fi orúnkún kan ti ẹ̀gbẹ́ ìyá mi, yóò fa ọ̀já náà bí ẹni ń di ẹrù mọ́ orí mọ́tò. Lẹ́yìn ọ̀já, ẹ̀kọ gbígbóná tó fi ń fa ọmú wá. Lẹ́yìn ẹ̀kọ, ọbẹ̀ aláta pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Lọ́sàn-án, iyán. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gún iyán abiyamọ. Àwọn ìyàwó ilé á ní, "Yèyé, ẹ jẹ́ ká gbà á lọ́wọ́ yín," yóò ní, "Ẹ lọ gún ti ọkọ yín." Ó ń pọn omi láti odò tó wà nísàlẹ̀, ó ń gbé e gun òkè wá, ó ń fọ ìtẹ́dìí, ó ń sá a sórí àpáta. Bí a bá fẹ́ jẹun alẹ́, yóò kó ẹja inú àwo rẹ̀ sínú àwo ìyá mi. "Mo ti jẹ tèmi nídìí ààrò," ni yóò wí. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tó máa ń sọ bó bá ń kó ẹja náà: "Ọrùn abiyamọ ni wọ́n fi ń mọ ìkòkò ìyá ọkọ."

Síbẹ̀, ọrùn ìyá mi ń tín-ín-rín. Ojú tó wú kọ́kọ́ lọ, àwọn ìlà tó wà lọ́rùn rẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà apá. Ayọ̀délé kì í ṣe ọmọ tí ń fi ọmú ṣeré. Ó ń mu ún tọkàntọkàn, ọwọ́ rẹ̀ á di aṣọ ìyá mi mú bíi ti ẹni tó fẹ́ jà. Bó bá mu ọ̀tún tán, yóò wá òsì. Bí ìyá mi ti ń rù ni òun ń yọ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti fọ́mọ lọ́mú mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí èmi náà bímọ ni mo mọ̀ pé omi ni ọ̀pọ̀ nínú ara tí oyún ń fúnni, pé yóò lọ bí yóò bá lọ, àti pé ohun tí abiyamọ jẹ kì í dúró lára rẹ̀ kó tó kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Ní ìgbà yẹn, mo kàn ń wo ìyá mi bó ṣe ń kéré ni.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ni bóyá ó dùn ún. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Yèyé lọ sódò, mo bá a nínú yàrá. Ó ti yọ gáùn kan jáde nísàlẹ̀ àpótí, aláwọ̀ ewé, èyí tó ń wọ̀ kí oyún tó dé. Ó wọ̀ ọ́. Sípù ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè láìjà. Ó yí, ó tún yí, gáùn náà fẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì rí mi. "Bọ́sẹ̀, ó gbà mí," ló wí, ohùn rẹ̀ bíi ti ọmọ ilé ìwé. Bí Yèyé ṣe wọlé nìyẹn pẹ̀lú omi lórí. Ó wo gáùn, ó wo sípù. Ó sọ omi kalẹ̀, ó jáde, kò pẹ́ tí a fi gbọ́ odó. Ó ń gún iyán kejì lọ́jọ́ kan náà.

A lọ rí nọ́ọ̀sì ní ilé ìgbẹ̀bí. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, ó rẹ́rìn-ín, ó yẹ ojú àti ahọ́n ìyá mi wò, ó ní kò sí àìsàn kankan, kó máa jẹun kó sì máa sùn bí ọmọ bá sùn. Yèyé dúpẹ́ dáadáa. Ìgbà tí a dé ọ̀nà ló tó sọ tinú rẹ̀: "Nọ́ọ̀sì ò ní àna ní Ìkàrẹ́."

Ìyá Rúùtù ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìkàrẹ́. Ará àdúgbò wa ni, ó ń ta ata lọ́jà Ìkàrẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó bá Ìyá Ìkàrẹ́ pàdé nínú ọjà, ó kí i kú ewu ọmọ, ó wá fi kún un pé, "Ọmọ yín ti gbẹ o, Màmá. Bíi panla." Ó padà wálé, ó tún wá ròyìn fún wa ohun tí òun sọ àti èsì tó gbà. Ìyá Ìkàrẹ́ ní òun ń bọ̀ níbi ìdúpẹ́ ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá jẹ́ pé ohun tí òun gbọ́ ni òun máa fi ojú rí, òun kì í jà, òun kì í bú àna, ṣùgbọ́n òun ń mú ènìyàn lọ sí Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ náà.

Mo gbọ́ ọ. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ iyì láàárín àna kọ́ ni. Wọ́n fẹ́ mú ìyá mi lọ ni. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti dìde, èmi náà á dìde, bó bá wọ balùwẹ̀, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá máa pè é títí yóò fi ní, "Mo wà níbí o, ọlọ́pàá mi." Yèyé ní tirẹ̀ kò pè mí mọ́ láti wá yọ èpò ẹ̀fọ́. Ẹni tó ń fi etí bú oníyán káàkiri àdúgbò wá di ẹni tí kò ní èébú kankan lẹ́nu.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìdúpẹ́, ó wọlé tọ ìyá mi wá, ó gbé àpótí aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́, àpótí tí a kì í fọwọ́ kàn. Ó ṣí i, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo ilé. "Na apá," ló wí. Ó kọ́kọ́ wọ bùbá kan fún ìyá mi, ó wọ òmíràn lé e lórí. Ó ró ìró kan fún un, ó ró èkejì lé e, ó ró àdìrẹ lé èkejì, ó wá fi aṣọ òfì tí ìyá mi fi ṣe ìyàwó bo gbogbo rẹ̀.

"Yèyé, ooru á pa mí nínú ṣọ́ọ̀ṣì o."

"Ooru kì í pani. Ìtìjú ló ń pani. Yí ẹ̀yìn."

"Yèyé, n kò lè gbé ẹsẹ̀."

"Ta ló ní kóo sáré?"

Ìyá mi wò mí, ó fún ètè pọ̀, ẹ̀rín sì ń jà láti jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú Yèyé, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó na apá. Ó yí ẹ̀yìn. Mo ti wá mọ̀ nísinsìnyí pé ìfẹ́ ni, kí ènìyàn dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n máa di òun bí ẹrù nítorí kí ojú ẹlòmíràn má baà tì.

Bí pẹ́pẹ́yẹ ló ṣe rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Òógùn bo imú rẹ̀ kí a tó kọ orin kejì. Ìyá Ìkàrẹ́ ti jókòó lẹ́yìn, ó wọ gèlè funfun, báàgì ìrìnàjò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, báàgì òfìfo tó rọ̀ jọwọrọ. Mo mọ ẹni tó fẹ́ kó aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìyá mi: ó wo ìdí tó kún àga, ó wo ọrùn tó jáde nínú bùbá bí ọmọ odó nínú odó. N kò gbọ́ ìwàásù. Àdúrà kan ṣoṣo ni mo gbà, n kò sì rò pé Ọlọ́run ń gbọ́ nítorí ariwo ìlù ìyìn.

Nígbà tí a délé, tí àwọn ọkùnrin jókòó síta de oúnjẹ, Ìyá Ìkàrẹ́ wọ yàrá, ó ní kí ìyá mi wá, kí òun kí i dáadáa. Ó gbá a mọ́ra. Ó dá ọwọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹ ibẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń wo iṣu. Ó wá ti ilẹ̀kùn. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀, ọmọ ló ṣe ìkarùn-ún: ìyá mi, Yèyé tó dúró ti ògiri, Ìyá Ìkàrẹ́, àti èmi tí mo di ẹsẹ̀ ìyá mi mú. Ìyá Ìkàrẹ́ tú òfì, ó jù ú sórí ẹní. Ó bá àdìrẹ. Ó tú u. Ó bá ìró. Ó tú u, ó tún bá ìró.

"Háà! Ọmọ ni mo bí, ṣé àlùbọ́sà lẹ fẹ́ dá padà fún mi ni?"

Ìyá mi kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ẹ̀rín gbá a, ó gbọ̀n títí ọmọ fi jí. Ìyá Ìkàrẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó na ìró kan sókè.

"Ta ló ni èyí?"

"Yèyé ni, Ìyá mi."

"Èyí ńkọ́?"

"Yèyé náà ni."

"Bùbá méjèèjì?"

Ìyá mi kàn mi orí. Ìyá Ìkàrẹ́ yí padà láti wo ẹni tó ni aṣọ. Èmi náà wò ó. Yèyé ti kó gbogbo aṣọ rere tó ní fún ìyá mi, ìró kan ṣoṣo tó ti ṣá ló kù lára òun fúnra rẹ̀, pẹ̀lú bùbá iṣẹ́ tí ọrùn rẹ̀ ti fẹ̀. Nínú ọrùn bùbá náà, eegun èjìká méjì yọ síta, omi lè dúró sínú kòtò tó wà láàárín wọn. Apá tó máa ń gbé mi mọ́ra ti di awọ tó ń fì. Ó fi ọwọ́ kan di ìró rẹ̀ mú ní ìbàdí, nítorí pé ìró náà kò ní ibi tí yóò dúró sí mọ́. Ojú gbogbo wa ti wà lára ìyá mi láti ọjọ́ yìí, kò sí ẹni tó ní ojú kan tó ṣẹ́kù.

"Ìyá Tíṣà." Ohùn Ìyá Ìkàrẹ́ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bímọ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"N kò ṣàìsàn," ni Yèyé wí.

"N kò béèrè àìsàn. Ẹja tí wọ́n ń sè nílé yìí, ta ló ń jẹ ẹ́?"

Kí Yèyé tó dáhùn, ìyá mi ti jókòó sórí òkìtì aṣọ, ó ń sunkún. "Ó ní òun ti jẹ tòun nídìí ààrò. Ojoojúmọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ yín ló yẹ kó jẹ ẹ́!" Yèyé fẹ́ kí ó jáde bí èébú, ṣùgbọ́n ohùn náà kò lágbára. "Ẹ fi í lé mi lọ́wọ́. Mo ní ẹnu ọ̀nà ni yóò há sí. Mo ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀, ó ṣì ń lọ. Kí ni mo fẹ́ wí fún yín?"

Ìyá Ìkàrẹ́ mú àdìrẹ nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó lọ bá Yèyé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ró o fún un. Aṣọ náà yí i ká, ó tún yí i ká, etí rẹ̀ ṣì ń wọ́ nílẹ̀. Ó dì í, ó tún un ṣe ní ìbàdí, bí a ti ń ṣe fún ọmọdé. "Mo ní mò ń mú ènìyàn lọ sí Ìkàrẹ́ lónìí," ló wí. "N kò yí ọ̀rọ̀ mi padà." Mo ké, mo so mọ́ ìyá mi lọ́rùn. Ìyá Ìkàrẹ́ wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. "Ta ló ń bá ìwọ sọ̀rọ̀? Ìyá Tíṣà, ẹ lọ di ẹrù yín. Báàgì nìyí."

"Èmi? Kí n lọ jókòó sílé àna kí n máa jẹun? Wọ́n á ní ebi ló lé mi kúrò ní Ọ̀kà."

"Èmi tí mo fẹ́ jẹ iyán yín báyìí ńkọ́? Ṣé àna kọ́ ni mí?"

"Bàbá tó wà lórí àìsàn ńkọ́?"

"Ó ti ń fi ọ̀pá rìn, ó sì ń fi í nà mí lójoojúmọ́ pé kò sí ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ wá máa bá a sọ̀rọ̀."

"Ta ni yóò wẹ ọmọ? Ta ni yóò gúnyán?"

Wọ́n pe bàbá mi wọlé. Ó dúró láàárín òkìtì aṣọ, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Ìkàrẹ́ ní, "Tíṣà, ṣé o mọ iyán gún?" Bàbá mi họ orí. "Mo lè gún un, Ìyá, bí ẹnìkan bá ń sọ fún mi ìgbà tí yóò tó." Ìyá mi nu ojú. "Èmi á máa sọ fún un," ló wí. "Mo lè wẹ ọmọ mi. Ara mi le, Yèyé. Ó ti le tipẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti sọ ọ́."

Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Yèyé jiyàn títí oúnjẹ fi tutù. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn rọ̀, a jọ sọ̀kalẹ̀ lọ sí gáréèjì, bàbá mi ru báàgì tó ti kún. Yèyé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bọ́ọ̀sì, Ìyá Ìkàrẹ́ sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má baà rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀. Láti inú fèrèsé ló ti ń pàṣẹ: kí omi ọmọ má gbóná jù, kí ọ̀já má tú, ẹja wà lórí àjà, kí Bọ́sẹ̀ máa kó ìtẹ́dìí kí òjò tó dé. Ó ń sọ ọ́, dírẹ́bà ti tan mọ́tò. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, kò sí ọmọ níbẹ̀, kò sí àwo, kò sí aṣọ tútù, ó sì ń wo àwọn ọwọ́ náà.

Bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìyá mi gbé Ayọ̀délé sókè, ó sáré tẹ̀lé e díẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí aṣọ kò dì mọ́, ó sì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo gáréèjì fi yíjú wò ó. Wọ́n fẹ́ rí irú ìyàwó tí ń sọ bẹ́ẹ̀ sí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Yèyé! Ẹ má tètè dé o!"